Sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣáàjì tó yọ́ lára alùpùpù àtijọ́: ọ̀nà àtúnṣe wo ló bá tiyín mu?

Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ Suzuki GS àtijọ́ kan, kí ẹ wo ìdí bátìrì, níbi tí wáyà mẹ́ta tó ti inú ẹ́ńjìnnì jáde ti pàdé wáyà rẹ́gúlétọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣètò iná tó ń wọ bátìrì. Lára ọ̀pọ̀ wọn, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ funfun nígbà kan ti pọ́n rúsúrúsú, ihò kan nínú mẹ́ta ti yọ́ mọ́ irin inú rẹ̀, rọ́bà ara wáyà ibẹ̀ sì ti gan, ó ń sán bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe sí i ni pé kí rẹ́wáyà gé sọ́kẹ́ẹ̀tì dànù, kó lọ́ wáyà pọ̀, kó wé téèpù mọ́ ọn. Kì í pẹ́ tí téèpù náà fi ń yọ́.

Tí a bá yọ lílọ́-pọ̀ yẹn kúrò, ọ̀nà márùn-ún ló kù: kí ẹ pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan, kí ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá kí ẹ so wáyà mọ́ wáyà, kí ẹ gbé rẹ́gúlétọ̀ MOSFET sí i, kí ẹ gbé rẹ́gúlétọ̀ síríìsì sí i, tàbí kí ẹ pààrọ̀ kọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì tó ń pèsè iná fúnra rẹ̀. Owó wọn ò dọ́gba, iṣẹ́ wọn ò dọ́gba, àìsàn tí kálukú wọn ń wò sì yàtọ̀.

Alùpùpù wo ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí?

Àwọn tí kọ́ìlì wọn ní wáyà mẹ́ta, tí mágínẹ́ẹ̀tì wọn sì jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì gidi tí kò nílò iná kó tó ṣiṣẹ́: Suzuki GS750 tó jáde ní 1976, GS1000 ti 1978, GS850G ti 1979, àti Kawasaki Z1 ti 1972. Lára GS, mágínẹ́ẹ̀tì ń yí lẹ́nu ọ̀pá ẹ́ńjìnnì lápá òsì, wọ́n de kọ́ìlì mọ́ inú ìdérí ibẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì ń ta sí i lára. Kọ́ìlì tí a ń wí yìí kì í ṣe kọ́ìlì púlọ́ọ̀gì o. Ìyẹn wà lókè lábẹ́ táńkì.

Honda CB750 ti 1969 àti Yamaha XS650 ò sí níbẹ̀. Iná ló ń sọ irin tiwọn di mágínẹ́ẹ̀tì, rẹ́gúlétọ̀ wọn sì ń bu iná náà kù tàbí kó fi kún un. Alùpùpù kékeré bíi Honda CG125 àtijọ́ náà ò sí níbẹ̀, torí orí kan kọ́ìlì rẹ̀ ti wà lára ẹ̀ẹ́tì, ìyẹn irin ara alùpùpù. Rẹ́gúlétọ̀ wáyà mẹ́ta tí a máa dárúkọ nísàlẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ lára àwọn wọ̀nyí, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó.

Ìdí tó fi ń yọ́

Ẹ mú ámpì tó ń gba ojú ìsopọ̀ kan kọjá, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tún fi óòmù ibẹ̀ (bí ibẹ̀ ṣe ń dènà iná tó) sọ ọ́ di púpọ̀. Iye wọ́ọ̀tì tó ń di ooru níbẹ̀ nìyẹn. Ojú irin tó ti dógùn-ún díẹ̀ lè ní óòmù 0.1. Bí ámpì 15 bá ń gba ibẹ̀, 15 lọ́nà 15 lọ́nà 0.1 jẹ́ wọ́ọ̀tì 22.5. Irin kékeré tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó léèdì kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà lẹ sì gbé e sí nínú. Ooru náà tún ń mú kí irin sọ́kẹ́ẹ̀tì dẹ̀, kó má lè di èkejì rẹ̀ mú mọ́. Bó ṣe ń dẹ̀ ni óòmù ń pọ̀ sí i, bí óòmù ṣe ń pọ̀ sí i ni ooru ń pọ̀ sí i, títí rọ́bà á fi yọ́.

Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé pípa iná iwájú kò dín ámpì yìí kù. Rẹ́gúlétọ̀ tó bá àwọn alùpùpù yìí wá jẹ́ ti ṣọ́ńtì. Bí bátìrì bá ti kún, ó máa ń pa wáyà kọ́ìlì pọ̀ mọ́ ẹ̀ẹ́tì kí iná tó ṣẹ́kù má baà wọ bátìrì. Ó dà bí ẹni tó ń fi pọ́ǹpù fa omi sínú táńkì tó ti kún, tó ń da àkúnwọ́sílẹ̀ sí gọ́tà: pọ́ǹpù ò sinmi rárá. Bí ẹ bá ń sáré lójú títì márosẹ̀, kọ́ìlì ń tú gbogbo ámpì tó lè tú jáde, yálà ẹ tan iná tàbí ẹ ò tan iná. Nítorí náà, ẹni tó bá ra gílóòbù LED nítorí kí wáyà rẹ̀ má baà gbóná, tí ṣọ́ńtì ṣì wà lára alùpùpù rẹ̀, kò tíì rí nǹkan ṣe sí wáyà.

GS ní àlèébù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú wáyà kọ́ìlì mẹ́ta, Suzuki jẹ́ kí ọ̀kan gòkè lọ sí súwíìṣì iná iwájú lọ́wọ́ alùpùpù, kó tó padà wá sídìí rẹ́gúlétọ̀. Èrò wọn ni pé bí iná iwájú bá kú, kí ìlà kan nínú mẹ́ta já, kí ṣáàjì dín kù. Nígbà tí wọ́n yọ súwíìṣì yẹn kúrò lára àwọn tí wọ́n ń tà sí Amẹ́ríkà, ìrìnàjò wáyà náà ṣì wà nínú okùn wáyà. Wáyà gígùn ni, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lára GS, ìlà kan ṣoṣo ló sábà máa ń jó nígbà tí méjì yòókù ṣì mọ́. Bí ọ̀kan bá sì ti já, méjì tó kù ló ń gbé ẹrù mẹ́ta.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Owó ni ẹni gbogbo máa ń kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àtúnṣe náà ń dín ooru kù láti orísun rẹ̀, àbí ó kàn ń mú kí ojú ìsopọ̀ lè fara dà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni bí yóò ṣe pẹ́ tó nínú gbígbọ̀n, òjò àti ọ́ìlì. Irinṣẹ́ tó gbà. Bóyá ẹ ṣì lè tú u nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí ẹ́ńjìnnì. Àti bóyá ẹ lè rí ojúlówó ẹ̀yà rẹ̀ rà níbi tí ẹ wà. Ẹni tó ń gbé London lè rí rẹ́gúlétọ̀ tòkunbọ̀ gbà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè dúró pẹ́ kí ti tirẹ̀ tó dé, kó sì jẹ́ ayédèrú ló dé.

Mítà ló máa kọ́kọ́ sọ èyí tó kàn yín. Ẹ ṣáàjì bátìrì níta títí yóò fi kún. Bó bá sinmi fún wákàtí díẹ̀, ó yẹ kó wà ní fóltì 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi bátìrì tó ti kú ṣe àyẹ̀wò yìí, gbogbo nọ́ńbà tí ẹ máa rí yóò máa purọ́. Ẹ wá sítáàtì ẹ́ńjìnnì, ẹ fi mítà lé orí bátìrì méjèèjì ní DC, kí ẹ gbé rẹ́ẹ̀sì (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) dé 5,000. Fóltì 14 sí 14.8 dára. Bí kò bá lè kọjá 13.5, iná ò wọlé tó. Bó bá kọjá 15, ó ti pọ̀ jù, omi bátìrì á máa hó, gílóòbù á sì máa jó.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára rẹ́gúlétọ̀, kí orí wọn má kan ara wọn tàbí irin. Mítà ní AC 200, ẹ sítáàtì, ẹ tún gbé e dé 5,000 fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ wọn wáyà kìíní sí èkejì, èkejì sí ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta sí ìkíní. Fóltì yìí lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án. Kọ́ìlì GS tó yè máa ń mú nǹkan bíi 75 wá tàbí jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà fúnra rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí 80, 79, 80, ẹ fi kọ́ìlì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá rí 80, 52, 50, ìlà kan ti bàjẹ́ nínú. Ẹ tún wọn óòmù láti wáyà kọ̀ọ̀kan sí irin ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú: mítà ò gbọ́dọ̀ ka ohunkóhun, bí ìgbà tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ò kan ara wọn. Óòmù láti wáyà sí wáyà kéré débi pé mítà olówó pọ́ọ́kú ò lè kà á bó ṣe yẹ, ẹ má fi ìyẹn dájọ́. Kọ́ìlì mìíràn sì wà tó máa ń yè bó bá tutù, tó máa ń kú bó bá gbóná. Bí ara bá fu yín, ẹ gun alùpùpù náà fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ tún un wọ̀n nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná.

Àyẹ̀wò kẹta ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Ẹ so gbogbo rẹ̀ padà, ẹ tan iná iwájú, ẹ gbé rẹ́ẹ̀sì sókè, kí ẹ fi ẹnu mítà kan sí wáyà nẹ́gétíìfù rẹ́gúlétọ̀, èkejì sí nẹ́gétíìfù bátìrì. Bó bá ju fóltì 0.1 tàbí 0.2 lọ, ẹ̀ẹ́tì ò dára. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí pósítíìfù sí pósítíìfù náà. Ẹ ṣọ́ra fún èyí lára GS: pẹpẹ bátìrì tí wọ́n de rẹ́gúlétọ̀ mọ́ sábà máa ń jókòó lórí rọ́bà, kì í kan férémù tààrà. Nọ́ọ̀tì tí ẹ rí níbẹ̀ lè máà jẹ́ ẹ̀ẹ́tì rárá.

Kí ẹ pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan

Òun ló pọ́ọ́kú jù, kò sì gbà ju wákàtí kan lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ihò mẹ́ta tí ojú irin rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 6.3, tí wọ́n fi tánńganran bò, ni kí ẹ wá. Ẹ má ra èyí tí irin rẹ̀ fúyẹ́, tó ń tẹ̀ bí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni bàbà dúdú. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti gbóná fún ìgbà pípẹ́, bàbà inú wáyà máa ń dúdú wọ inú rọ́bà lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5, nígbà mìíràn 10. Ẹ gé wáyà, ẹ bó o, ẹ wò ó. Bó bá ṣì dúdú, ẹ tún gé e. Ìgbà tí ẹ bá rí bàbà tó ń dán ni kí ẹ tó fi irin sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tuntun náà máa gbóná ju ti àtijọ́ lọ. Sáńpépà kì í yanjú rẹ̀, torí ojú òde nìkan ló ń dé nígbà tí wáyà jẹ́ ọ̀pọ̀ fọ́nrán. Àṣìṣe kejì ni fífi púláyà lásán fún irin mọ́ wáyà. Ó máa ń mú un lójú, kì í mú un dé inú. Irinṣẹ́ ìfúnrin tó ní ẹnu tó bá irin náà mu wà, kò sì wọ́n jù.

Kò dín ooru kù láti orísun. Ojú ìsopọ̀ ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ámpì ṣì ń gba ibẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ó lè pẹ́. Ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ bá ti yọ́ lẹ́ẹ̀mejì níbì kan náà, ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta.

Kí ẹ so wáyà mọ́ wáyà

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò sí kò lè yọ́. Ìyẹn ni gbogbo àǹfààní ọ̀nà yìí; fún alùpùpù tí kọ́ìlì rẹ̀ yè tí rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ sì yè, kò sí àtúnṣe olówó kékeré tó dára tó o.

Ẹ gé sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì kúrò títí dé bàbà tó ń dán. Bí wáyà bá kúrú, ẹ fi tuntun kún un: fọ́nrán wẹ́wẹ́, mílímítà oníhà mẹ́rin 2.5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, rọ́bà tó lè fara da ọ́ìlì àti ooru. Wáyà iná ilé ọlọ́fọ́nrán kan, bó ti wù kó nípọn tó, kò yẹ lára alùpùpù, nítorí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á ṣẹ́ ẹ nínú rọ́bà láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹ fi irin ìsopọ̀ fún wáyà méjèèjì pọ̀, ẹ jó léèdì díẹ̀ sí i bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sì fi ṣíríńkì (rọ́bà tó ń sún kì bí ooru bá kàn án) tó ní gọ́ọ̀mù nínú bò ó. Léèdì tó bá ṣàn kọjá irin wọ inú wáyà yóò sọ ibẹ̀ di gan-an-ran, ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti gan yẹn ni wáyà á sì ti máa ṣẹ́. Ẹ so ó mọ́ férémù ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì ìsopọ̀ kó má baà máa jù. Ẹ jẹ́ kí ìsopọ̀ mẹ́ta náà tẹ̀ léra wọn, kí wọ́n má wà lójúkan.

Lára GS, ìgbà yìí náà ni kí ẹ yọ wáyà tó ń lọ sí súwíìṣì iná iwájú kúrò nínú ọ̀nà. Kí wáyà kọ́ìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ tààrà sí wáyà mẹ́ta rẹ́gúlétọ̀; kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú wọn, wọ́n lè pàdé bó ṣe wù wọ́n. Ẹ fi ṣíríńkì dí orí méjèèjì wáyà àtijọ́ náà. Ọ̀pọ̀ GS tí fóltì rẹ̀ ò kọjá 13.2 ló gun 14 lẹ́yìn èyí nìkan.

Àlèébù rẹ̀ ni pé ẹ máa gé wáyà bí ẹ bá fẹ́ yọ ìdérí apá òsì tàbí rẹ́gúlétọ̀. Ẹ fi gígùn díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ nítorí ọjọ́ yẹn.

Rẹ́gúlétọ̀ MOSFET

FH012AA àti FH020AA tí Shindengen ń ṣe ni àwọn ènìyàn máa ń wá. Yamaha R1 wà lára àwọn alùpùpù tó gbé FH012AA wá láti ilé iṣẹ́. Ó ṣì jẹ́ ṣọ́ńtì. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀yà SCR, súwíìṣì kékeré tó ń darí iná nínú rẹ́gúlétọ̀ àtijọ́, ń jẹ nǹkan bíi fóltì kan mọ́ra bí iná ṣe ń gba inú rẹ̀, fóltì yẹn sì ń di ooru. MOSFET, irú súwíìṣì mìíràn tó rọ́pò rẹ̀, ń jẹ díẹ̀ lásán. Rẹ́gúlétọ̀ fúnra rẹ̀ á tutù gan-an, fóltì á sì dúró ṣinṣin.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò ṣe: ámpì inú kọ́ìlì àti inú wáyà mẹ́ta ò dín kù. Ẹni tí ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ jẹ́ rẹ́gúlétọ̀ tó ń kú lemọ́lemọ́, èyí bá a mu. Ẹni tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń yọ́ kò tíì rí oògùn, àfi ti pé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún rẹ́gúlétọ̀ yìí dára ju ti 1978 lọ, ó ní rọ́bà tí ń lé omi, irin rẹ̀ sì nípọn. Ẹ rà á pọ̀ mọ́ rẹ́gúlétọ̀. Ẹ má fi irin pẹlẹbẹ lásán (spade) ti ẹsẹ̀ rẹ́gúlétọ̀ dípò sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á kọ FH020AA sí i lẹ́yìn, inú rẹ̀ á sì jẹ́ SCR. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù láìnídìí, tí lẹ́tà ara rẹ̀ sì rí bákan, ẹ fi sílẹ̀. Tòkunbọ̀ tó ti ara alùpùpù gidi jáde ṣeé fọkàn tán jù tuntun tí ẹ ò mọ orírun rẹ̀.

Rẹ́gúlétọ̀ síríìsì

Òun nìkan nínú márààrún ló ń dín ooru kù láti ìdí. Kì í pa kọ́ìlì pọ̀ mọ́ ẹ̀ẹ́tì. Bí bátìrì bá kún, ó ń já ọ̀nà, kọ́ìlì á sì sinmi títí alùpùpù á fi tún nílò iná. Nítorí náà, ohun tí ẹ ń lò nìkan ló ń gba inú wáyà kọjá. Iná iwájú wọ́ọ̀tì 55 kò gbà ju ámpì 4 sí 5 lọ. Bí ẹ bá fi ti púlọ́ọ̀gì àti iná ẹ̀yìn kún un, ó lè tó 10. Níbí ni gílóòbù LED ti wúlò nígbà tó yá, torí ámpì tí ẹ kò lò kò ní jáde láti kọ́ìlì. Kọ́ìlì tó ń fi ooru pa ara rẹ̀ nínú ọ́ìlì á tutù, á sì pẹ́.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Shindengen SH775, tó máa ń wà lára ẹ̀rọ Polaris onítáyà mẹ́rin. SH847 tóbi jù ú lọ. Fún GS, SH775 tó. Méjèèjì tóbi ju rẹ́gúlétọ̀ àtijọ́ lọ, nítorí náà ẹ fi páálí gé àwòrán rẹ̀ kí ẹ wo ibi tó máa jókòó sí kó tó di pé ẹ sanwó. Ó nílò atẹ́gùn àti irin pẹlẹbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má de é sábẹ́ ìjókòó tí afẹ́fẹ́ ò dé.

Ewu kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Bí ó bá já ọ̀nà nígbà tí rẹ́ẹ̀sì ga, fóltì inú kọ́ìlì á fò sókè, ó lè kọjá 100. Kọ́ìlì tí rọ́bà ara rẹ̀ ṣì dára ò ní mọ̀ ọ́n lára. Kọ́ìlì tó ti lé ní 40 ọdún tí fáníìṣì rẹ̀ ti ń fọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná sí irin. Bí àyẹ̀wò óòmù sí ẹ̀ẹ́tì bá ti ń fi àmì kankan hàn, ẹ má gbé síríìsì lé kọ́ìlì yẹn.

Yálà MOSFET tàbí síríìsì, apá DC jẹ́ iṣẹ́ kan náà. Ẹ má gba inú okùn wáyà àtijọ́ kọjá. Wáyà pupa 2.5 tàbí 4 láti rẹ́gúlétọ̀ lọ tààrà sí pósítíìfù bátìrì pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀, ámpì 25 tàbí 30, tó sún mọ́ bátìrì. Wáyà dúdú tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lọ tààrà sí nẹ́gétíìfù. Fíúsì yìí ṣe pàtàkì torí bí dáyóòdù inú rẹ́gúlétọ̀ bá já mọ́ra, bátìrì ni yóò máa tú iná padà sínú kọ́ìlì, wáyà á sì jó kódà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín. Wáyà AC mẹ́ta ò nílò fíúsì. Bí fíúsì ọ̀kan nínú wọn bá já, wáyà méjì tó kù á máa jó. Ẹ má sì fi ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ nígbà tí bátìrì tàbí fíúsì yẹn ò sí níbẹ̀.

Kọ́ìlì fúnra rẹ̀

Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀, àyàfi tí àyẹ̀wò AC tàbí ti ẹ̀ẹ́tì bá dá a lẹ́bi. Rírà kọ́ìlì tuntun nígbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń jó ni àṣìṣe tó wọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí kọ́ìlì tuntun á tún wá gba inú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà.

Bó bá ti kú lóòótọ́, ẹ máa rí i bí ẹ bá ṣí ìdérí: orí mélòó kan lára rẹ̀ á ti dúdú, ọ́ìlì á máa rùn bí ohun tó jóná. Tuntun láti ilé iṣẹ́ míì, èyí tí ríwáńdà tún wé, àti tòkunbọ̀ ló wà. Tòkunbọ̀ ni ẹ má wulẹ̀ rà. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò kéré sí ti èyí tó kú. Ríwáńdà tó mọṣẹ́ lè ṣe é dáadáa ní owó tó kéré sí ti tuntun, ṣùgbọ́n ẹ béèrè wáyà bàbà tí fáníìṣì rẹ̀ lè gba ooru 180 digírì tàbí jù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú fáníìṣì ìbòjú tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gbígbóná ò lè yọ. Ẹni tó ń wé ti fáànù àti pọ́ǹpù omi nìkan lè máà ní i.

Iṣẹ́ rẹ̀: ẹ gbé alùpùpù tẹ̀ sápá ọ̀tún kí ọ́ìlì má baà tú, ẹ yọ ìdérí òsì, ẹ ṣọ́ ìka yín torí mágínẹ́ẹ̀tì á fẹ́ gbá irin ìdérí mọ́ra. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, gọ́ọ̀mù ìdè sórí ìdè kọ́ìlì kó má baà tú sínú ẹ́ńjìnnì, àti gọ́ọ̀mù sílíkóònù níbi tí wáyà ti ń jáde. Lára èyí tó ní ṣéènì, ẹ wo ọ̀nà tí wáyà ń gbà nítòsí rẹ̀. Ṣéènì máa ń jẹ rọ́bà wáyà náà. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà, ìdọ̀tí kọ́ìlì tó jóná wà nínú rẹ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bí alùpùpù yín bá ń ka 14 lókè, tí AC mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì sì ti yọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ so wáyà mọ́ wáyà, ẹ tún ẹ̀ẹ́tì ṣe, ẹ máa gùn ún lọ. Ẹni tó máa ń tú ẹ́ńjìnnì lemọ́lemọ́ tàbí tó ń fi alùpùpù dídára hàn níbi ìpàdé, sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ló bá tiẹ̀ mu.

Bí ẹ bá ń rin ọ̀nà jíjìn, Èkó sí Ìbàdàn tàbí London sí Birmingham, lórí rẹ́ẹ̀sì gíga fún wákàtí lọ́wọ́ọ̀wọ́, tí kọ́ìlì yín sì yè, owó síríìsì kò ní jẹ́ àsanù. Bí ẹ bá ti fẹ́ ra kọ́ìlì tuntun tàbí kí ẹ tún un wé, ẹ fi síríìsì kún un lọ́jọ́ kan náà, torí ṣọ́ńtì ló jó ti àkọ́kọ́.

MOSFET ni kí ẹ mú bí rẹ́gúlétọ̀ yín bá kú, tí wáyà yín mọ́, tí síríìsì kò sí ní itòsí tàbí tí kò sí àyè fún un. Ó tún bá ẹni tí fáníìṣì kọ́ìlì rẹ̀ ti dàgbà, tí kò sì tíì ní owó kọ́ìlì lọ́wọ́, mu ju síríìsì lọ.

Ẹni tó sì ń wo tòkunbọ̀ tó fẹ́ rà, tó rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yọ́ lábẹ́ ìdérí, kò ní láti sá. Kó gbé mítà lọ, kó ṣe àyẹ̀wò AC ṣáájú ìdúnàádúrà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọra, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Bí wọn ò bá jọra, kó yọ owó kọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì, ọ́ìlì àti rẹ́gúlétọ̀ síríìsì kúrò nínú iye tí olùtà ń pè.